Òwú Funfun Lẹ́nu Ihò Bátìrì

Òwú kan ṣoṣo ni Jẹ́-n-wò fi ẹ̀mú fà yọ lábẹ́ àga ẹ̀yìn ọkọ̀ náà. Ó gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé. Òwú funfun ni, kò gùn ju ìka ọwọ́ lọ, ó sì mọ́ tónítóní. Ọ̀gá Àgbà, ọkùnrin tó ya àwòrán ọkọ̀ náà láti ìbẹ̀rẹ̀, wò ó, ó pòṣé, ó ní ṣé nítorí ìdọ̀tí ni ọlọ́pàá ṣe da àyà délẹ̀ nínú ọkọ̀ láti àárọ̀.

"Ìdọ̀tí kì í funfun báyìí," ni Jẹ́-n-wò dá a lóhùn. "Ẹ jẹ́ n wò ó dáadáa."

Orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ kọ́ ni Jẹ́-n-wò o. Àwọn ọlọ́pàá ẹgbẹ́ rẹ̀ ló fún un, nítorí kò sí ohun tí wọ́n lè gbé síwájú rẹ̀ tí kò ní sọ pé "jẹ́ n wò ó". Ìyàwó rẹ̀ a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí òun bá bu omi fún un, á kọ́kọ́ yẹ ìdí ife wò kó tó mu ún. Ọkùnrin kúkúrú ni, ó sanra díẹ̀, ohùn rẹ̀ sì rọlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n á rò pé oorun ló ń kùn ún. Oorun kọ́. Bí ojú rẹ̀ bá ti ń pa dé bí ẹni tó fẹ́ tòògbé, ẹ yáa fura, ó ti rí nǹkan nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó gbé e dé ibẹ̀. Ọjọ́ ti pẹ́ tí ilé-iṣẹ́ tí Ọ̀gá Àgbà ń darí ti ń ṣe ọkọ̀ kan tí kò tíì jáde sọ́jà. Ó kúrú bí ọkọ̀ kékeré tó lè wọ ibi tóóró, ó ga nílẹ̀ bíi jíìpù, ẹ́ńjìnnì méjì ló sì wà nínú rẹ̀: ọ̀kan ń mu epo, èkejì ń lo iná bátìrì. Bó bá ń rọra lọ láàárín ìgboro, ti iná nìkan ló ń ṣiṣẹ́, ẹ ò ní gbọ́ ohùn rẹ̀. Bó bá kan òkè, àwọn méjèèjì á jọ gbé e. Bí awakọ̀ bá sì tẹ bíréèkì, agbára tí ọkọ̀ mìíràn á fi ṣòfò, eléyìí á gbà á padà sínú bátìrì, á fi pa mọ́ de ọ̀la. Ẹni tó ronú kan irú nǹkan bẹ́ẹ̀, ó yẹ ká gbé òṣùbà fún un, ẹ̀mí rẹ̀ á gùn.

Àmọ́ ọkọ̀ yìí ti dójú ti àwọn tó ṣe é lẹ́ẹ̀mejì. Lójoojúmọ́ ni wọ́n ń gbé e gun òkè ìdánwò tó wà lẹ́yìn ilé-iṣẹ́, á sì gùn ún bí ewúrẹ́. Ṣùgbọ́n bí àwọn tó ni ilé-iṣẹ́ bá ti wá wò ó báyìí, ní àárín òkè, iná pupa á tàn níwájú awakọ̀, ẹ́ńjìnnì iná á dáṣẹ́ sílẹ̀, ti epo nìkan á sì wọ́ ọ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Iná ẹ̀sìsì kì í jóni lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn tó ni ilé-iṣẹ́ ní ọ̀la làwọn máa wá kẹ́yìn. Bó bá tún rí bẹ́ẹ̀, wọ́n á tú ọkọ̀ náà palẹ̀, iṣẹ́ parí.

Ọ̀gá Àgbà ti dá ẹnì kan lẹ́bi. Ọmọbìnrin kan ni, òun ló ṣe bátìrì ọkọ̀ náà, wọ́n ń pè é ní Ìyá Bátìrì bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tíì bímọ kankan. Òun àti Ọ̀gá Àgbà ti fa ọ̀rọ̀ gan-an lórí ibi tó yẹ kí bátìrì ti máa gba atẹ́gùn. Nígbà tí ọkọ̀ dáṣẹ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n rí i tó ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ó fa nǹkan funfun kan yọ, ó fi í sábẹ́ ẹ̀wù, ó sì lọ. Wọ́n bi í pé kí ni, kò sọ. Ọ̀gá Àgbà dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́, ó ránṣẹ́ sí ọlọ́pàá, ó sì búra pé bí kò bá sọ̀rọ̀ kí àlejò ọ̀la tó dé, ilé ẹjọ́ ló máa ti sọ ọ́.

Jẹ́-n-wò fi òwú náà sínú àpòòwé, ó fi í sápò. Ó ní òun fẹ́ rí ẹni tó rí ọmọbìnrin náà.

Ẹni náà ni Bàbá Ẹ́ńjìnnì, àgbà ọkùnrin tó ni ìdí ẹ́ńjìnnì epo, tó sì máa ń wa ọkọ̀ náà fún àlejò. Gbogbo ilé-iṣẹ́ ló mọ̀ pé nígbà tí wọ́n ń bẹ̀rẹ̀, ó dìde níbi ìpàdé, ó ní gbígbé bátìrì sínú ọkọ̀ epo dà bí ìgbà téèyàn gbé orogún wọlé láìsọ fún ìyálé. Ẹni tí kò fẹ́ bátìrì, tó jókòó sídìí ọkọ̀ nígbà tó dáṣẹ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejèèjì, tó tún jẹ́ pé òun nìkan ni ẹlẹ́rìí: bí ẹ̀yin bá jẹ́ ọlọ́pàá, ọrùn ta ni ẹ máa kọ́kọ́ fọwọ́ lé? Ọrùn rẹ̀ náà ni Jẹ́-n-wò fọwọ́ lé. Ó bi í tààrà bóyá òun kọ́ ló ń dọgbọ́n sí ọkọ̀ náà.

Bàbá Ẹ́ńjìnnì kò bínú. Ó ní òótọ́ lòún sọ̀rọ̀ orogún, ó ní kí ọlọ́pàá wọlé kó jókòó, kó wá rí ohun tó yí òun lọ́kàn padà.

Àpò iyanrìn ni wọ́n kó sórí àga ẹ̀yìn dípò èrò, bí wọ́n ti ń ṣe lójoojúmọ́. Wọ́n yí pápá ká, wọ́n sì kọrí sí òkè. Jẹ́-n-wò dẹ etí títí, kò gbọ́ ìgbà tí ẹ́ńjìnnì iná pe ti epo pé kó wá ran òun lọ́wọ́. Ó kàn rí i pé òkè ń lọ sẹ́yìn ni.

"Ẹ gbọ́ nǹkan kan?" ni Bàbá Ẹ́ńjìnnì bi í. "Ẹni méjì ló ń gún odó kan yìí o, ọmọ odó wọn ò sì kanra rí. Láti kékeré ni mo ti ń tú ẹ́ńjìnnì, mi ò rí irú ẹ̀ rí. Ọmọbìnrin yẹn ló kọ́ wọn. Ó dùn mí wọ eegun pé èmi ni mo fẹnu kàn án, àmọ́ ohun tójú mi rí ni mo sọ."

Jẹ́-n-wò bi í nípa ọjọ́ àlejò. Ó ní ìkìlọ̀ tí iná pupa yẹn ń ṣe kò ju pé bátìrì ti gbóná jù. Ẹ́ńjìnnì iná wá tú ọwọ́ sílẹ̀ jẹ́jẹ́, kò jó, kò bú, ẹnikẹ́ni ò fara pa. Nígbà tí wọ́n tú u wò lẹ́yìn náà, fáànù ń fẹ́, wáyà pé, kò sí ohun tó bàjẹ́.

"Ta ló kọ́ ọ pé kó tú ọwọ́ sílẹ̀ bó bá gbóná?"

"Òun náà ni. Ó ní ó sàn kí ọkọ̀ ṣojo ju kó jó èèyàn mọ́lé lọ."

Jẹ́-n-wò rò ó wò. Ta ló fẹ́ dáná sunlé tó tún máa kọ́kọ́ gbẹ́ kànga sẹ́nu ọ̀nà? Ọ̀rọ̀ náà kò bá ara mu. Ó wá béèrè pé kí ló yàtọ̀ nínú ọkọ̀ lọ́jọ́ àlejò. Bàbá Ẹ́ńjìnnì ní kò sí, àyàfi pé wọ́n máa ń kó iyanrìn kúrò, wọ́n á sì tún un ṣe bí ìyàwó tuntun. Ìyẹn ló tún mú ọ̀rọ̀ le sí i: ọkọ̀ ru ẹrù, ó gun òkè, wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀ fún un, kò lè gùn ún mọ́. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Yàrá kékeré kan ní àgọ́ ọlọ́pàá ni Ìyá Bátìrì jókòó sí. Ó ti di irun rẹ̀ sẹ́yìn, ó sì káwọ́ lé orí tábìlì bí ọmọ iléèwé tó ń dúró de ẹgba. Kí Jẹ́-n-wò tó jókòó, ọmọbìnrin náà ti sọ̀rọ̀.

"Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé èmi ni, bàbá. Ẹ jẹ́ ká parí ẹ̀."

Jẹ́-n-wò ní òun ò tíì béèrè nǹkan kan. Ó ní bátìrì ni kó kọ́kọ́ ṣàlàyé fún òun, nítorí òpè lòún jẹ́ nídìí ẹ̀. Ojú ọmọbìnrin náà tàn. Ó ní bátìrì dà bí alárùú ni: bó bá ń ṣiṣẹ́, ó gbọ́dọ̀ máa mí. Ó ní òun wo inú ọkọ̀ yíká, òun ò rí atẹ́gùn tó dára fún un ju èyí tí àwọn èrò ń mí lọ, torí bí ooru bá mú èèyàn, á wá bí ara rẹ̀ á ṣe tutù, bátìrì á sì jẹ nínú ìtura náà. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe dá ihò kan fún un sínú búùtù, pẹ̀lú fáànù tó ń fa atẹ́gùn wọlé. Ọ̀gá Àgbà wá ní ihò náà gba àyè ẹrù, ó sún un wá sábẹ́ àga ẹ̀yìn, nílẹ̀ níbi gìgísẹ̀ èrò. Wọ́n jà sí i. Nígbà tó wọ̀n ọ́n, ó rí i pé òótọ́ ni Ọ̀gá sọ, búùtù fẹ̀ sí i, bátìrì sì ń mí bó ṣe yẹ.

"Ọkọ̀ kékeré, tí tọkọtaya á lè kó ọmọ mẹ́ta àti ẹrù wọn sí," ó ní. "Kò rọrùn o, bàbá. Ibi tó fẹ̀ bí àtẹ́lẹwọ́ yìí, èèyàn mẹ́rin la jọ ń dù ú."

Jẹ́-n-wò fẹ́ràn rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kò sì fi pamọ́ fún ara rẹ̀. Ó yọ òwú funfun náà, ó gbé e sórí tábìlì. Ọmọbìnrin náà wò ó lẹ́ẹ̀kan, ó gbójú kúrò, kò sì wo ibẹ̀ mọ́ rárá. Ẹni tí kò mọ ohun tó jẹ́ á ti béèrè pé kí nìyí. Jẹ́-n-wò bi í pé nígbà tí wọ́n sún ihò sábẹ́ àga, àwọn wo ni wọ́n sọ fún.

Omi gbà á lójú, ó nù ún. "Ẹ kọ ọ́ pé èmi ni," ló tún wí.

Ojú Jẹ́-n-wò bẹ̀rẹ̀ sí í pa dé.

Ó padà sílé-iṣẹ́, ó sì ń wá ohun funfun kiri. Ó kọ́kọ́ rò pé ẹ̀wù gígùn tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ń wọ̀ ni, ó ya ọ̀kan wò, òwú rẹ̀ le, ó ń dán bí ọ̀rá. Ó lọ bá àwọn tó ń fọ ọkọ̀, aláwọ̀ búlúù ni àkísà wọn. Awọ àga ọkọ̀ fúnra rẹ̀ dúdú ni. Ó ti fẹ́ máa bínú sí ara rẹ̀ nígbà tó gbọ́ ìró ẹ̀rọ ìránṣọ lẹ́yìn ògiri kan.

Àgbàlagbà kan ló jókòó síbẹ̀, ó wọ dígí tó nípọn, ó ń rán ìbòrí àga. Gbogbo èèyàn ń pè é ní Bàbá Télọ̀. Jẹ́-n-wò dúró wo ọwọ́ rẹ̀. Ẹsẹ̀ òwú tẹ̀ lé ara wọn láìyà, wọ́n yípo ìgun àga bí ẹni pé awọ náà ló hù wọ́n jáde, kò sì wọn nǹkan kan kó tó yí i. Ọlọ́pàá kí i, ó ní ẹ kú iṣẹ́, ó ní òun ò mọ̀ pé àga ọkọ̀ ń gba wàhálà tó báyìí. Inú bàbá dùn. Ó ní ara èèyàn ni ọkọ̀ ń gbé, kì í ṣe ẹ́ńjìnnì nìkan.

Lórí pẹpẹ lẹ́yìn rẹ̀ ni aṣọ funfun wà, wọ́n lọ̀ ọ́, wọ́n ká a létí léraléra.

"Bàbá, kí lẹ ń fi èyí ṣe?"

Bàbá Télọ̀ ṣàlàyé láìfura. Ó ní láti ìgbà ọ̀gá tó kọ́ òun níṣẹ́ ni wọ́n ti ń ṣe é: ọkọ̀ tí àlejò máa rí, a kì í fi àga rẹ̀ sílẹ̀ lásán. Bí wọ́n bá ti kó iyanrìn kúrò, òun á nu àga, òun á da aṣọ funfun bò ó láti ibi ìgbórílé títí délẹ̀, òun á ki etí rẹ̀ bọ abẹ́ kó má baà hunjọ. Ti iwájú, òun á ká a kúrò bí àlejò bá fẹ́ jókòó. Ti ẹ̀yìn, ta ló ń jókòó síbẹ̀? Á wà bẹ́ẹ̀ títí ọkọ̀ á fi padà. Bó bá sì ti padà, òun lòún á kọ́kọ́ débẹ̀, òun á kó aṣọ òun kí àwọn ọlọ́wọ́ dúdú tó dé.

Jẹ́-n-wò rọra fìdí lé àpótí kan. Abájọ. Ìgbàkígbà tí wọ́n bá tú ọkọ̀ wò, ẹ̀rí ti lọ sórí pẹpẹ.

"Ìgbà kejì ńkọ́? Ẹ̀yin náà lẹ kó o?"

"Rárá o. Ọmọ mi ló bá mi mú u wá sílé, ó tiẹ̀ ti fọ̀ ọ́." Bàbá rẹ́rìn-ín. "Ẹ ò mọ̀ pé ọmọ mi ni Ìyá Bátìrì? Abẹ́ ẹ̀rọ yìí ló ti ń ka ìwé rẹ̀ nígbà tó wà lọ́mọdé. Mo gbọ́ pé wọ́n ní kó wá ṣàlàyé nǹkan fún yín, mo sọ fún ìyá ẹ̀ pé kó fọkàn balẹ̀, ọmọ náà kì í purọ́. Ohun kan ló kàn ń yà mí lẹ́nu. Ó ní kí n má da aṣọ bo ọkọ̀ lọ́la. Mo ní ṣé kí àlejò wá bá eruku ni? Láti ìgbà tí mo ti gé awọ kan ṣì, tí Ọ̀gá Àgbà ní ojú mi ti ń bàjẹ́, pé bí mo bá tún ṣe àṣìṣe kan sí i kí n máa lọ sílé, mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí àléébù níṣẹ́ mi."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Jẹ́-n-wò lára. Ó ti rí gbogbo ẹ̀ kedere, kò sì dùn mọ́ ọn. Bó bá sọ òtítọ́, ọmọ á bọ́, bàbá á há. Bó bá dákẹ́, ọmọ á lọ sẹ́wọ̀n, ọkọ̀ á sì tún dáṣẹ́ sílẹ̀ lọ́la níwájú àlejò. Ó jókòó síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó ń wo bí bàbá ṣe ń rán nǹkan. Lẹ́yìn náà, ó bẹ̀ ẹ́ pé kó gbé aṣọ kan, kí wọ́n jọ lọ sí òkè.

Nírọ̀lẹ́, gbogbo wọn dúró nídìí òkè ìdánwò: Ọ̀gá Àgbà, Bàbá Ẹ́ńjìnnì, Bàbá Télọ̀, àti Ìyá Bátìrì tí ọlọ́pàá kan mú wá. Nígbà tí ọmọbìnrin náà rí aṣọ lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, ó súré tọ Jẹ́-n-wò wá, ó sì sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ pé kó jọ̀ọ́, kó jẹ́ kó jẹ́ òun. Jẹ́-n-wò ní kó dúró.

Ó ní kí bàbá bo àga ẹ̀yìn bí ó ti máa ń bò ó. Bàbá bò ó, ó ki etí rẹ̀ wọlé dáadáa. Bàbá Ẹ́ńjìnnì wa ọkọ̀ yí pápá ká bí ẹni pé àlejò wà nínú rẹ̀, ó sì gun òkè. Ní agbede méjì, ọkọ̀ fà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ó dúró. Wọ́n fẹsẹ̀ rìn lọ bá a. Jẹ́-n-wò ṣílẹ̀kùn ẹ̀yìn, ó ní kí gbogbo wọn bẹ̀rẹ̀ wò. Fáànù ti fa aṣọ funfun náà mọ́ ẹnu ihò bátìrì pinpin, ó ti jìn wọlé bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ tó ń mu ọsàn.

"Kò sí ọ̀daràn níbí," ó wí. "Ẹni kan ń tọ́jú àga, ẹni kan sún ihò. Kò sẹ́ni tó sọ fún ẹnìkejì."

Ọ̀gá Àgbà kò lè gbójú sókè. Ó sọ fún àwọn oníirin nígbà tó sún ihò náà, ó sọ fún àwọn oníwáyà, ó tilẹ̀ sọ fún àwọn tó ń kun ọ̀dà. Kò wá sí i lọ́kàn rárá láti sọ fún ẹni tó ń ránṣọ. Ó yíjú sí Bàbá Télọ̀, ó ní, "Ẹjọ́ mi ni, bàbá, kì í ṣe tiyín. Èmi ni mo máa sọ ọ́ fún àwọn àlejò lọ́la." Ó sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọbìnrin náà níṣojú gbogbo wọn.

Àmọ́ Bàbá Télọ̀ kò gbọ́ èyíkéyìí nínú rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ ló ń wò.

"O mọ̀," ó ní. "O mọ̀ pé aṣọ mi ni, o sì fẹ́ kí wọ́n tì ọ́ mọ́lé."

"Ẹ̀rù ló bà mí, bàbá mi. Wọ́n ní bí ẹ bá tún ṣe àṣìṣe kan..."

"Ta ló sọ fún ọ pé mi ò lè ru ẹ̀bi ara mi?" Àgbàlagbà náà yọ dígí ojú rẹ̀. "Ṣé torí kí n lè máa bá abẹ́rẹ́ lọ ni mo ṣe rán ọ níwèé? Inú ń bí mi sí ọ gan-an. Inú ń bí mi, wá síbí."

Ọmọbìnrin náà lọ, bàbá sì gbá a mọ́ra. Jẹ́-n-wò wo ibòmíràn. Bàbá Ẹ́ńjìnnì ń nu dígí ọkọ̀ tí kò dọ̀tí.

Nígbà tí bátìrì tutù, wọ́n ní kí wọ́n tún un gùn láti ìsàlẹ̀, láìsí aṣọ. Ìyá Bátìrì ló jókòó síwájú. Ó ní kí bàbá òun wọlé sẹ́yìn. Bàbá ní láéláé, òun ò jókòó sórí iṣẹ́ òun rí, ẹrẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ òun. Wọ́n bẹ̀ ẹ́ títí ó fi wọlé, ó jókòó sí etí àga bí ẹni tó lọ kí àna. Ọkọ̀ gbéra láìdún, ó yí pápá ká, ó kọjú sí òkè, ẹ́ńjìnnì méjèèjì gbé e. Wọ́n kọjá agbede méjì. Iná pupa kò tàn. Bàbá rọra fẹ̀yìn ti àga. Ó wá wo ìsàlẹ̀, ojú rẹ̀ yàtọ̀, torí atẹ́gùn kan ń fa etí ṣòkòtò rẹ̀ jẹ́jẹ́ níbi gìgísẹ̀.

"Ó ń mí," ó wí fún ọmọ rẹ̀.

"Ó ń mí, bàbá mi."

Bàbá Télọ̀ ká ẹsẹ̀ ṣòkòtò rẹ̀ sókè, ó sì sún ẹsẹ̀ kúrò lẹ́nu ihò náà, kó lè mí dáadáa.